Ẹni Tó Kọ Ọ́ Kò Dáhùn Mọ́

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìfaradà ọmọ tí kì í tètè kọ̀wé. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé òkè òkun ti gbé ọmọ yín mì. Kò gbé mi mì o. Iṣẹ́ ni. Ara mi le, mo ń jẹun, mo sì ń wọ ẹ̀wù tó nípọn tí ẹ rán fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá rẹ̀ kan ti ń tú.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ tuntun yìí kí ẹ lè rí nǹkan wí bí wọ́n bá bi yín. Ilé ìwòsàn kan tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ ló gbé iṣẹ́ fún wa. Ètò kọ̀ǹpútà tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi kọ ló ń ka ọjọ́ tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan máa wá, òun náà ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ sí fóònù wọn pé, "Ọ̀la ni o." JavaScript ni wọ́n ń pe èdè tí a fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n a kò kọ gbogbo rẹ̀ fúnra wa, Màmá. Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀yin aránṣọ ṣe ń ra bọ́tìnnì àti sípì tí ẹ kì í jókòó rọ wọ́n, bẹ́ẹ̀ làwa náà ń mú kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ, tó sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Pákéèjì la ń pè é. Èyí tí a mú, òun náà ti mú ti ẹlòmíràn, ẹlòmíràn yẹn sì ti mú ti ẹlòmíràn. Mo mọ àwọn tí mo fọwọ́ ara mi mú. Àwọn tó wà lábẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ ni mi ò tíì wojú wọn rí.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá ṣí iṣẹ́, ìkìlọ̀ rẹ̀ á yọ láwọ̀ yẹ́lò: "Ẹni tó kọ eléyìí kò tọ́jú rẹ̀ mọ́." Ó ti mọ́ mi lára. Mo kàn máa ń kọjá lára rẹ̀ ni, bí èèyàn ṣe ń kọjá lára ajá tó ń gbó tí kì í gé ni jẹ.

Àbúrò mi ńkọ́? Bí mo bá pè é, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ju "ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí" lọ. Ẹ bá mi sọ fún un pé ọjọ́ ń lọ. Ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà tó bẹ́ẹ̀ ló wá lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún ẹ̀rọ tí ń fa omi ṣe. Kó gbìyànjú. Bí èmi náà ṣe ṣe é nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bí iṣẹ́ aránṣọ ṣe ń lọ sí.

Èmi ni,
Àkọ́bí yín


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì

Àkọ́bí mi,

O kú iṣẹ́, o kú òtútù, o kú àìrẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Lẹ́tà rẹ dé, a kà á tán, mo ní kí a tún un kà. Inú mi dùn pé aláìsàn lò ń ràn lọ́wọ́. Mo sọ fún ìyá tó wà lójúlé kejì, ó ní ṣé dókítà lo wá dà ni? Mo ní o ju dókítà lọ, ìwọ lò ń sọ ọjọ́ fún dókítà.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ yẹn kò yé mi délẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ajá tí kì í gé ni jẹ, ẹni tí kò tíì gé jẹ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Wá ẹni tó kọ ọ́ lọ, kí o bi í pé kí ló dé. Èèyàn kì í ṣàdédé kẹ̀yìn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Nípa àbúrò rẹ, rọra. Ọmọ yẹn kò jókòó lásán. Òun ló ń ṣe gbogbo nǹkan nílé yìí. Ó ní kí n má kọ ìyẹn, mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́.

Iṣẹ́ aránṣọ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀wù ọmọdé ni mò ń rán jù báyìí, kò la wàhálà lọ. Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé? O ní ọdún tó kọjá, ọdún tó kọjá sì ti kọjá. Mi ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ ju kí o yọjú sí mi.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ má bínú pé ìròyìn tí mo gbé dé kò dára.

Níbí, bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n máa ń yí aago síwájú. Ọjọ́ tí wọ́n yí i ni ètò wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ọjọ́ kà fún àwọn aláìsàn kan. Ẹni tó yẹ kó wá lọ́jọ́ Ajé, ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Àwọn nọ́ọ̀sì tètè fura, wọ́n sì ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kan wà tí fóònù rẹ̀ kò lọ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó jókòó sílé bí àtẹ̀jíṣẹ́ wa ṣe sọ fún un, omi sì ń kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bá a nílẹ̀ ilé ìdáná.

Kò kú, Màmá. Ẹ̀rọ ló bá a mí fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Mo lọ síbẹ̀, mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò wọlé. Ọmọ rẹ̀ jáde, ó bi mí pé, "Ṣé nọ́ọ̀sì ni yín?" Mo ní rárá, mo ní mo ṣìnà ni.

Pákéèjì tí mo sọ fún yín yẹn ni. Òun ló ń ka ọjọ́. Àwa kọ́ la lọ mú un. Pákéèjì tí ọ̀rẹ́ mi kan níbí kọ la mú, tiẹ̀ ló gbé eléyìí sínú. Mo lọ sójú ewé ẹni tó kọ ọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀ kò ju lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà kan lọ. Ẹnì kan ti kọ̀wé sí i tipẹ́ pé kóòdù rẹ̀ ń ṣìṣe bí wọ́n bá yí aago. Kò dáhùn. Ẹlòmíràn tún kọ, kò dáhùn. Inú bí mi, mo kọ tèmi sábẹ́ tiwọn níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Mo ní ẹni tí kò lè tọ́jú ohun tó bí, kó yéé bímọ. Mo ní àìbìkítà rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ náà tù mí lára fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ìkìlọ̀ tí mo ti ń kọjá lára rẹ̀ láràárọ̀.

Mi ò lè wálé lọ́dún yìí mọ́. Ọ̀gá ní a gbọ́dọ̀ tú gbogbo ohun tó wà lábẹ́ iṣẹ́ wa yẹ̀ wò, títí dé gbòǹgbò. Ẹ máa gbàdúrà fún mi. Ẹ sì bá mi sọ fún àbúrò mi pé kó má ya irú ọ̀lẹ yẹn.

Àkọ́bí yín


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ kú àti ìgbà yẹn. Lẹ́tà mi tó kẹ́yìn, ṣé kò dé ni? Mo pe fóònù, àbúrò mi ní ẹ ń sùn. Mo tún pè lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó tún ní ẹ ń sùn. Láti ìgbà wo lẹ ti ń sùn lọ́sàn-án? Ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tí wọ́n ní kó dá àjèjì lóhùn. Mo bi í bóyá mo ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ àsọjù nínú lẹ́tà yẹn, ẹ bá mi wí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lédè tí mò ń sọ.

Bàbá awakọ̀ ti padà sílé. Ọ̀rẹ́ mi tó kọ pákéèjì àárín ní òun ti kọ̀wé sí ẹni ìsàlẹ̀ yẹn, wọ́n dá ìwé náà padà pé àdírẹ́sì rẹ̀ ti kú. Àwa kò sì lè wọ ojú ewé rẹ̀ lọ tún nǹkan ṣe. Òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ti padà sí fífi ọwọ́ ka ọjọ́. Bí mo bá wọ ilé ìwòsàn náà tí mo rí wọn tí wọ́n tẹrí ba sórí kàlẹ́ńdà, ńṣe ni mo máa ń gba ẹ̀yìn kọjá.

Ẹ kọ̀wé sí mi, ì báà ṣe ìlà kan.

Àkọ́bí yín


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Àǹtí mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Lẹ́tà yín méjèèjì dé. Èmi ni mo kọ èyí, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ nínú ìkọ̀wé rẹ̀, torí ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ èmi ni mò ń bá Màmá kọ tiwọn. Màmá ò ríran kàwé mọ́. Ojú ọ̀tún ti lọ pátápátá, ti òsì ń wò bí ẹni wà nínú èéfín. Aṣọ ni wọ́n fi bo maṣíìnì, kò sí ẹ̀wù ọmọdé kankan. Wọ́n ní bí ẹ bá gbọ́, ẹ máa sáré wálé kí ìwé ìgbélùú yín tó jáde, gbogbo làálàá yín á sì di asán. Wọ́n mú mi búra. Mo ti sọ fún wọn láàárọ̀ yìí pé mo fẹ́ da ìbúra náà.

Nítorí náà, èmi ni mo ka lẹ́tà oṣù kẹrin sí wọn létí. Mo kà á ketekete. Nígbà tí mo dé ibi "ọ̀lẹ", mi ò fò ó. Mo kà á títí dé ibi tí ẹ ti ní kí n má ya irú rẹ̀. Màmá ní, "Kí ló dé tí o dákẹ́?" Mo ní ìkọ̀wé yín ni kò já gaara.

Èmi ni, Àǹtí. Èmi ni lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà kan.

Mo kọ ọ́ nígbà tí mo ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́. Mo fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí yín, mo ní ẹ bá mi wò ó bóyá ó dáa. Ẹ ní ọ̀la. Mo rán yín létí, ẹ ní ẹ ti gbé e fún ọ̀rẹ́ yín kan tó mọ̀ ọ́n ju ẹ̀yin lọ. Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìgbà tó yá, mo rí i pé ẹnì kan ti mú un sínú iṣẹ́ tirẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sáré lọ bá Màmá nídìí maṣíìnì. Mo rò pé ẹ máa pè mí ni.

Ọdún yẹn náà ni ojú Màmá bẹ̀rẹ̀. A ta kọ̀ǹpútà mi sórí iṣẹ́ abẹ tí kò yọrí sí rere. Nọ́ńbà fóònù tí mo fi ṣí ojú ewé náà ti di ti ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sì bá kọ̀ǹpútà lọ. Mi ò lè wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní fìyẹn bojú. Kí a tó ta kọ̀ǹpútà ni ẹni àkọ́kọ́ ti kọ̀wé pé kóòdù mi ń ṣìṣe bí wọ́n bá yí aago. Mo rí i. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Níbí, ta ló ń yí aago? Mo rò pé onítọ̀hún ń ṣàwàdà ni. Mo ní màá wò ó lọ́la. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ọ̀la í sọ.

Ibi tí àṣìṣe wà nìyí: láti òpin ọjọ́ kan, mo máa ń fi wákàtí mẹ́rìnlélógún kún un kí n lè bọ́ sí ọjọ́ tó kàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá yí aago síwájú kò tó bẹ́ẹ̀, ìṣirò mi á wá ta kọjá sínú ọjọ́ kejì. Ìlà díẹ̀ ló fẹ́ àtúnṣe, mo kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé yìí. Ẹ má dúró de kọ́kọ́rọ́ mi. Àṣẹ tí mo fi síbẹ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà, ẹ fún un lórúkọ mìíràn, ẹ tún un ṣe, kí ọ̀rẹ́ yín sì lo tuntun, kó fi ògbólógbòó sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, bàbá yẹn, ṣé ó lè rìn? Oorun mi kò lọ geere látìgbà tí mo ti gbọ́.

Mi ò bínú bí mo ṣe bínú lóṣù tó kọjá mọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń bínú.

Àbúrò yín


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà

Àbúrò mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí ọ. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ka lẹ́tà rẹ, mo kọjá ibi tí mo ń lọ, mi ò sọ̀ kalẹ̀.

Mo wá ohun tí mo kọ sí ọ̀rẹ́ mi nígbà náà jáde. Mò ń dà á kọ fún ọ bó ṣe wà: "Àbúrò mi kan ń yọ mí lẹ́nu. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó kó lè jẹ́ kí n sinmi." Ohun tí mo kọ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ti gbàgbé ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí òun. Òun wò ó, ó dáa, òun sì lò ó. Ó dáa, Àbúrò mi. Ẹni tó wò ó sọ pé ó dáa. Èmi ni mi ò wò ó, èmi náà ni mo ju ọ́ sí abẹ́ iṣẹ́ gbogbo ayé láì fún ọ ní olùrànlọ́wọ́ kankan.

A ti ṣe bí o ṣe wí. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé gan-an la ti pàṣẹ fún ètò wa pé nígbàkigbà tó bá fẹ́ mú pákéèjì rẹ àtijọ́, ẹ̀dà tí a tún ṣe ni kó mú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ mi yí tiẹ̀ padà, kí àwọn mìíràn tó ń lò ó má bàa kó sí i bíi tiwa. A tún kọ ìdánwò tó ń yí aago síwá sẹ́yìn láràárọ̀ kí a tó jẹ́ kí nǹkan kan jáde. Nígbà tí a sì walẹ̀ dé ìsàlẹ̀, a rí àwọn mìíràn tí kò sẹ́ni lọ́dọ̀ wọn mọ́. Àwọn kan, a fi èyí tó ní olùtọ́jú rọ́pò wọn. Àwọn kan ò ju ohun tí a lè fọwọ́ ara wa kọ lọ, a sì kọ ọ́. Obìnrin kan dá wa lóhùn pé òun ṣì wà, pé ó rẹ òun ni, pé àwa ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa béèrè àlàáfíà òun. Ilé iṣẹ́ ti gbà láti máa san owó iṣẹ́ fún un.

Mo dìde ní ìpàdé, mo sọ pé mo rí ìkìlọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù, mo sì pa á mọ́ra, àti pé ẹni tí mo bú jẹ́ ọmọ ìyá mi. Mi ò pa èébú náà rẹ́. Mo kọ òtítọ́ sábẹ́ rẹ̀, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á pẹ̀lú.

Mo lọ sílé bàbá awakọ̀. Ó ń fi ọ̀pá rìn, díẹ̀díẹ̀, kò lè gun àtẹ̀gùn. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Kí ọkọ̀ yín tó gbéra, ta ló ń yẹ abẹ́ rẹ̀ wò?" Mo ní kò sẹ́nì kan. Ó ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀." Kò ní kí n jókòó.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ síbí pé màá fi owó ránṣẹ́ sí ọ, mo fa igi lé e, o máa rí i lókè yẹn. Kí lo fẹ́? Sọ ọ́ fún mi. Má sọ "ẹ kú iṣẹ́".

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹrin, oṣù keje

Àkọ́bí mi,

O kú ìdààmú ọkàn. Àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ ọ́, ó kàn ń fajú ro ni.

Èmi ni mo purọ́ ẹ̀wù ọmọdé. Mo rò pé ìwọ ni mò ń sọ ẹrù kalẹ̀ fún, mi ò wẹ̀yìn wo ẹni tí mò ń gbé e rù. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gbọ́ tí ọmọ yìí ń mí kanlẹ̀ lójú fèrèsé, màá sì ṣe bí ẹni ti sùn. Ẹ̀bi mi nìyẹn, ẹ má bá mi pín in.

O bi í pé kí ló fẹ́. Kò ní sọ fún ọ. Ọ̀gá kan nílùú mìíràn ní kó wá bá òun kọ ètò kọ̀ǹpútà fún oṣù kan, kí òun wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kò ṣeé ṣe, pé ta ló máa mú mi lọ síbi ìtọ́jú ojú? Ó ti gbé bírò sílẹ̀ báyìí. Ó ní òun ò kọ ìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́, èmi ni mo bí i.

Mi ò ní kí o wá nítorí tèmi. Wá kí ó lè lọ.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹjọ

Àbúrò mi,

O kú àjò. Ṣé ọ̀gá náà ṣe dáadáa sí ọ? Ṣé wọ́n fún ọ ní àga tó ṣeé jókòó? Màmá ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun, mo ní o ti dàgbà, wọ́n ní kí n ṣá bi ọ́.

O béèrè nípa ìwé ìgbélùú mi. Kò tíì jáde. Mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa jẹ́ kí n wọlé padà láìsí ìṣòro. Bó bá dé bẹ́ẹ̀, a ó mọ bí a ṣe máa ṣe é. Má fi ṣe ìdí láti padà wá.

Àná ni mo mú Màmá lọ síbi ìtọ́jú ojú. Mo ti múra bí ẹni ń lọ ìdánwò: mo kó gbogbo ìgò oògùn sínú àpò, mo wọ aṣọ tó dáa. Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì ní, "Èwo lẹ kọ́kọ́ ń kán sí wọn lójú láàárọ̀?" Mo wo ìgò, ìgò wò mí. Ó ní, "Ṣé ó máa ń ta wọ́n lójú bí ẹ bá kán an tán? Ó máa ń pẹ́ tó?" Mo yí ìgò kan sẹ́yìn bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ní, "Ọkùnrin tó máa ń mú wọn wá dà? Òun kì í ronú kó tó dáhùn."

Màmá na ọwọ́, wọ́n wá mi títí wọ́n fi rí apá mi dì mú. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú sí i, nọ́ọ̀sì. Àlejò ni."

Wọn ò sọ ọ́ láti fi bú mi. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, bí èèyàn ṣe ń bẹ ẹlòmíràn fún ẹni tí kò mọ ilé. Ká ní wọ́n bú mi ni, mi ò bá ti rí èsì fọ̀.

Mo tọrọ bírò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. A padà lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn yẹn, mo ní kí Màmá ròyìn ọjọ́ wọn fún mi láti ìgbà tí wọ́n bá jí, kí wọ́n má fo nǹkan kan. A ò tíì sọ dé ọ̀sán nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wá ń ti ilẹ̀kùn.

Má tètè dé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ